Fírísà Ọmọ Ẹlẹ́ja

Bí ẹ bá bi Wúràolúwa léèrè ọjọ́ tí òun àti Rilwan kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, yóò ní ọjọ́ tí ó wá ka fírísà òun ni, àti pé inú ń bí òun gidigidi lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá wá ń retí ìtàn ọmọge tó rẹ́rìn-ín músẹ́ tí orí ọ̀dọ́mọkùnrin sì yí, ẹ má bínú. Wúrà kò rẹ́rìn-ín rárá.

Ọdún kejì tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá ni. Ilé tí Wúràolúwa háyà yàrá sí ní Fọlá Àgòrò jẹ́ ilé olójú-kojú: yàrá wà lápá ọ̀tún, yàrá wà lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ wà láàárín, mítà iná kan ṣoṣo sì wà lẹ́nu ọ̀nà fún gbogbo wọn. Lánlọ́ọ̀dù kò gbé ibẹ̀. Bí bíìlì iná bá ti dé, àwọn ayálégbé ni yóò pín in láàárín ara wọn. Bí wọ́n sì ṣe ń pín in ni pé ẹnì kan yóò wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, yóò ka ohun tó ń jẹ iná níbẹ̀. Gílóòbù jẹ́ pọ́íǹtì kan, fáànù jẹ́ kan, áyọ́ọ̀nù jẹ́ méjì, fírísà sì jẹ́ mẹ́fà. Ẹni tí pọ́íǹtì rẹ̀ bá pọ̀ ni yóò san púpọ̀. Ètò tó mọ́gbọ́n dání ni, àfi pé kò sí oṣù tí kì í dá ìjà sílẹ̀.

Fírísà kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà, ti Wúràolúwa sì ni. Ọmọ Ìlàjẹ ni, etí ọ̀sà ní Bàrígà ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ ń yan ẹja tà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń jẹ́ Wonder ń pẹja, òun náà sì ń gba ẹja tútù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń gbé e fún àwọn ilé oúnjẹ ní Onípánu. Bí kò bá sí fírísà, òwò rẹ̀ parí nìyẹn.

Ní oṣù tí mò ń sọ yìí, bíìlì tó wá ga ju gbogbo èyí tó ti ń wá lọ. Bàbá Mákánjúọlá, àgbà ilé, ẹni tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, pe ìpàdé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tabitha aránṣọ, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Wúràolúwa, ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó ní pọ́íǹtì mẹ́fà kò tó fún fírísà yẹn, pé tọ̀sán-tòru ló ń kùn, pé òun ń sanwó fún ẹja tí kò dé ọ̀fun òun. Ó ní kí wọ́n gbé fírísà náà jáde, tàbí kí ẹni tó ni ín bá a jáde. Àwọn tó kù fọwọ́ sí i. Bàbá ní kí wọ́n má tíì dájọ́. Ó yan Rilwan tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn láti máa ka pọ́íǹtì, kó sì yẹ fírísà náà wò, kó wá jábọ̀ fún ilé.

Ohun tí Wúràolúwa mọ̀ nípa Rilwan kò pọ̀. Ó mọ̀ pé ilé ìtẹ̀wé ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú, torí pé yíǹkì kì í tán ní èékánná rẹ̀. Ó sì mọ̀ pé ọmọ onílẹ̀ ni. Ilé baba rẹ̀ kò jìnnà rárá, ó sì lè gbé ibẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ yàrá tí òun fi owó ara òun gbà. Ní ti Wúràolúwa, ẹni tó ní ilé baba tó tún ń háyà yàrá kò ní wàhálà tó pọ̀ tó láyé.

"Ẹ wọlé, ẹ wá ka ohun tí ẹ fẹ́ kà," ó wí nígbà tí Rilwan kan ilẹ̀kùn. Kò gbé àga fún un.

Rilwan kí i dáadáa. Ó wo gílóòbù, ó wo fáànù, ó wá dúró ti fírísà. Ó yọ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú àpò, irú èyí tó máa ń ṣẹ́ kù bí wọ́n bá gé káàdì ìgbéyàwó nílé ìtẹ̀wé. Ó ní kí Wúràolúwa jọ̀ọ́ ṣí ìdérí fírísà. Ó gbé bébà náà lé ẹnu rẹ̀, ó pa ìdérí dé, ó wá fà á. Bébà yọ bọ̀rọ́.

"Ṣé ẹ rí i? Ibi tí bébà bá gbà jáde, òtútù náà ń gbà jáde níbẹ̀. Rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti ká kò. Ìta lẹ ń fi owó yín mú tutù."

Wúràolúwa gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fúnra rẹ̀ dán an wò yípo ẹnu fírísà. Ibì kan dì í mú, ibi mẹ́ta tú u sílẹ̀. Ìbínú rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, torí kò sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ fírísà yìí rí tí kò fi èébú bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n jọ ṣe é. Wọ́n gbọ́n yìnyín tó ti nípọn dànù, wọ́n da omi gbígbóná sí rọ́bà títí ó fi rọ̀, wọ́n nà án, wọ́n fi faselíìnì pa á. Wọ́n fa fírísà kúrò lára ògiri àti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù kẹrosíìnì, kí ooru má baà máa bá a jà. Wúràolúwa ló rántí èyí tó kù. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, agbọ̀n ẹja tó bá kún ló máa ń tutù pẹ́, pé èyí tó bá ṣófo lápá kan kì í dé ọjà láì rọ̀. Ó ra píọ̀ wọ́tà, ó fi dí gbogbo àyè tí ẹja kò bá gbà. Nígbà tí iná bá lọ, àwọn omi dídì yẹn á di ẹja mú títí iná á fi dé. Láti ìgbà náà, ó lè pa fírísà ní ọ̀sán kí ó tún tàn án ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹja sì le bí òkúta.

Ó ran àwọn tó kù. Tabitha bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo aṣọ oníbàárà jọ kó tó tan áyọ́ọ̀nù, Bàbá Mákánjúọlá sì ní kí wọ́n yọ gílóòbù pupa tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n fi iná gígùn funfun sí i. Bíìlì tó tẹ̀ lé e wálẹ̀. Rilwan jábọ̀ fún ilé pé kí fírísà dúró, kò sì sí ẹni tó janpata.

Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni rọ́bà ti ń di bébà mú yípo, síbẹ̀ Rilwan kò dẹ́kun àti máa wá yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni yóò kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú bébà rẹ̀. Wúràolúwa mọ̀ pé kò sí ohun tó fẹ́ yẹ̀ wò mọ́. Ó ti ń se oúnjẹ tó pọ̀ ju ti ẹnì kan lọ lọ́jọ́ Sátidé, kó tó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ń retí ẹnì kan. Rilwan ń sọ fún un nípa káàdì ìgbéyàwó àwọn ẹlòmíràn tó ń tẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, pé òun mọ orúkọ gbogbo ọkọ àti ìyàwó Ṣómólú láìmọ ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ní ọjọ́ kan, ó gbàgbé, ó pè é ní "ìwọ" dípò "ẹ̀yin".  Lẹ́yìn náà, kò padà sí "ẹ̀yin" mọ́ àfi tí èèyàn bá wà níbẹ̀.

Ìgbà tí òjò ń lọ sílé ni Rilwan sọ ọ́. Wọ́n ń bọ̀ láti Onípánu, ó bá a gbé ọwọ́ kan kúlà ẹja tó ti ṣófo.

"Wúrà, ìwọ ni mo fẹ́ fẹ́. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣọ́."

Inú Wúràolúwa dùn débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Màá sọ fún un."

Wúràolúwa béèrè nípa ṣọ́ọ̀ṣì tí òun ń lọ. Rilwan ní kò sí ohun tó ní kó má lọ, pé ìdílé tó ní mùsùlùmí àti kìrìsìtẹ́nì lábẹ́ òrùlé kan kò ṣọ̀wọ́n l'Ékòó. Ó fi sùúrù dáhùn gbogbo ìbéèrè rẹ̀. "Màá sọ fún un" nìkan ni kò rí ṣe. Oṣù kan lọ, òmíràn tẹ̀ lé e. Ìyá rẹ̀ kò gbádùn, ìyá rẹ̀ rin ìrìn àjò, àwọn àlejò wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Wúràolúwa kò bínú. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tó lè fi bébà dán fírísà wò yípo kì í kánjú.

Ìyá náà ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Alhájà Rọ̀kíbátù ni wọ́n ń pè é, opó ni, aṣọ ni ó sì ń tà. Ó dé ní ọ̀sán Sátidé kan nígbà ọyẹ́, ó bá Wúràolúwa nínú yàrá ọmọ rẹ̀, ó ń gbé abọ́ oúnjẹ sílẹ̀. Wúràolúwa kúnlẹ̀ kí i. Alhájà dá a lóhùn, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ta nìyí?"

Wúràolúwa ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó gbọ́ bí Rilwan ṣe mí kanlẹ̀, ó sì rò pé ó dé nìyẹn.

"A jọ ń gbé ilé yìí ni, Màámi. Ẹja ló ń tà."

"Mo gbọ́ òórùn rẹ̀," ni Alhájà wí. Kò sọ ọ́ bí èébú rárá, bí ẹni tó ń sọ pé òjò ti rọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Ó wá jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Wosilat, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, bó ṣe jáde ilé ìwé, bó ṣe mọ oúnjẹ sè. Wúràolúwa dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde. Nígbà tó dé yàrá rẹ̀, ó gbóòórùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì sunkún.

Rilwan wá bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ká òun mọ́ lójijì ni, pé kí ó jẹ́ kí òun wá àsìkò tó dára. Wúràolúwa ní kò burú. Ó burú, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn rẹ̀, kò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ bó ṣe burú tó.

Ìyá rẹ̀ ló bá a sọ ọ́. Ìyá Wonder jókòó ti ààrò ìyanja rẹ̀ ní etí ọ̀sà, ó ń yí ẹja padà lórí àwọ̀n irin, èéfín bo ojú rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán kó tó fèsì. Lákọ̀ọ́kọ́, èdè Ìlàjẹ ló fi bú Rilwan, torí pé ibẹ̀ ni èébú rẹ̀ wà. Ó tún ọ̀rọ̀ bọ̀ lẹ́yìn náà.

"Mo mọ àwọn ọmọ onílẹ̀ wọ̀nyí. Wọ́n á ra ẹja lọ́wọ́ wa, wọ́n á sì ní ó dùn, ṣùgbọ́n wọn ò ní jókòó lórí àga wa. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí ni mò ń bá ọ sọ. Ẹran Iléyá ò kan ẹnu mi rí, kò sì ní kàn án nítorí ọmọ tí kò lè pe orúkọ rẹ lójú ìyá rẹ̀."

"Ó ní òun máa sọ ọ́, Màámi."

"Ìgbà tó bá sọ ọ́, kí o wá sọ fún mi."

Ó di ẹja lé Wúràolúwa lọ́wọ́. Wúràolúwa gbèjà Rilwan lọ́kàn rẹ̀ láti Bàrígà títí dé Fọlá Àgòrò, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀rọ̀ kan tí ìyá rẹ̀ kò tíì já ní koro.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, bíìlì dé, Bàbá Mákánjúọlá sì pe ìpàdé. Rilwan ka àpapọ̀ pọ́íǹtì yàrá kọ̀ọ̀kan sókè bó ṣe máa ń ṣe. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí Tabitha na ọwọ́.

"Bùrọ̀dá Rilwan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ti Wúrà pè lọ́kọ̀ọ̀kan."

Rilwan tún un pè: gílóòbù kan, fáànù kan.

"Fírísà ńkọ́? Ṣé ó ti di àpótí ni?"

 Wúràolúwa yíjú sí Rilwan, torí pé òun náà kò mọ̀. Ohun tí Rilwan ń sọ fún un láti ọjọ́ yìí ni pé pọ́íǹtì fírísà rẹ̀ ti dín kù nítorí rọ́bà àti píọ̀ wọ́tà, ó sì gbà bẹ́ẹ̀. Ó ti ń fi í yangàn fún àwọn ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ rẹ̀. Tabitha ní àwọn ni Rilwan ń pín iná olólùfẹ́ rẹ̀ fún. Rilwan ní rárá, kò sí ẹni tó fi kọ́bọ̀ kan kún tirẹ̀.

"Mo gbé e sí yàrá mi. Láti oṣù mélòó kan, èmi ni mò ń san án."

Wọ́n ṣírò rẹ̀, òótọ́ ni. Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Tabitha pàtẹ́wọ́, ó ní òun yóò wá ọkùnrin tí yóò máa gbé áyọ́ọ̀nù òun sọ́rùn bẹ́ẹ̀. Kò sí ìkà nínú ẹ̀rín wọn. Ní tiwọn, ìfẹ́ ni wọ́n rí. Àmọ́ ara Wúràolúwa gbóná bí ẹni tí wọ́n tú láṣọ. Ó mọ orúkọ tí wọ́n ń pe obìnrin tí ọkùnrin ń sanwó iná rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, tí ẹbí ọkùnrin náà kò sì mọ̀ ọ́n.

Ó dìde. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá pọ́íǹtì mi padà síbi tó wà. Màá san ti àwọn oṣù tó ti kọjá fún Bùrọ̀dá Rilwan." Ó wá kọjú sí i, "ẹ̀yin" sì ni ó fi bá a sọ̀rọ̀. "Ẹ fi fírísà mi pamọ́ fún ilé, ẹ fi èmi náà pamọ́ fún ìyá yín. Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí wọ́n fi mí pamọ́."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Rilwan kan ilẹ̀kùn, Wúràolúwa kò ṣí i. Ó gbọ́ bí Rilwan ṣe dúró síbẹ̀ kó tó lọ, ó sì di etí irin ibùsùn mú kí òun má baà dìde.

Tabitha ló di alárinà, torí ẹnu rẹ̀ ló bà á jẹ́, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Òun ló ń rán aṣọ fún Alhájà Rọ̀kíbátù, nítorí náà ó ní ẹsẹ̀ nílé méjèèjì. Ó ń gbé ọ̀rọ̀ Rilwan wá: pé kò jẹun, pé ó ti fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí kò sì rí i sọ, pé láti ìgbà tí baba rẹ̀ ti kú ni ìyá náà ti dá tọ́ wọn, Rilwan kò sì tíì ta kò ó rí láyé rẹ̀. Ó ní kí Wúràolúwa ṣe sùúrù.

"Àǹtí Tabitha, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀," ni Wúràolúwa wí, "kì í sì í ṣe etí mi ni kó sọ ọ́ sí."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó dá ara rẹ̀ lójú. Nígbà tí Tabitha jáde tán, ó béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ bóyá òun kò ti le jù, bóyá Wosilat ti ń gbé abọ́ oúnjẹ sílẹ̀ ní yàrá yẹn. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí Rilwan fi sílẹ̀ kẹ́yìn ṣì lẹ̀ mọ́ faselíìnì ẹnu fírísà. Ó fẹ́ fà á yọ kó jù ú nù, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Iléyá ọdún náà bọ́ sí ìgbà tí oòrùn ń mú gan-an. Ó ku ọ̀la ọdún nígbà tí tiransifọ́mà àdúgbò ilé baba Rilwan jó, òkùnkùn sì gba gbogbo òpópónà wọn. Ní Fọlá Àgòrò, iná ń wá díẹ̀díẹ̀, ó ń lọ. Àwọn ará ilé Alhájà pa àgbò, wọ́n pa màlúù, wọ́n pín fún aládùúgbò, wọ́n sè, wọ́n dín. Èyí tó kù fún àwọn àlejò tí kò tíì dé àti fún àwọn àna pọ̀, fírísà wọn sì ti di àpótí gbígbóná. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Tabitha gbé aṣọ tó rán lọ síbẹ̀, ó bá Alhájà níbi tó ti ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin lórí ẹran. Tabitha ní fírísà kan wà nínú ilé tí Rilwan ń gbé, tó le bí òkúta bí iná ò tiẹ̀ sí. Kò sọ ẹni tó ni ín. Alárinà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Bí Wúràolúwa ṣe ṣí ilẹ̀kùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà nìyẹn tó bá Alhájà Rọ̀kíbátù lẹ́nu ọ̀nà, ọpọ́n ẹran ńlá méjì wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Rilwan sì gbé ẹ̀kẹta dání, òógùn bo ojú rẹ̀. Wúràolúwa kúnlẹ̀, ó kí wọn kú ọdún.

Alhájà dá a mọ̀. Ó wo inú yàrá, ó rí fírísà. "Rilwan, ṣé ọ̀dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé ilé yìí lẹ ń gbé mi bọ̀?"

Bàbá Mákánjúọlá ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Tabitha dúró lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Rilwan gbé ọpọ́n sílẹ̀. Ó kọjú sí ìyá rẹ̀.

"Màámi, irọ́ ni mo pa fún yín lọ́jọ́sí. Wúràolúwa lorúkọ ẹ̀. Òun ni mo fẹ́ fẹ́. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ, ẹja ló ń tà, òun náà ló ni fírísà. Tí ẹ bá fẹ́ kó ẹran yín padà, màá bá yín gbé e. Ṣùgbọ́n mi ò ní pè é ní ẹni tá a jọ ń gbé ilé mọ́."

 Wúràolúwa ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ bí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó gbé ojú sókè. Ohun tó fẹ́ gbọ́ ni ó gbọ́ yẹn. Ó mọ̀ pé bí Alhájà bá yí padà lọ, yóò dun òun, ṣùgbọ́n òun kò ní sunkún bí ti ọjọ́sí.

Alhájà yíjú sí ẹran rẹ̀. Eṣinṣin kan bà lé e, ó fi ọwọ́ lé eṣinṣin náà lọ. "Ẹja wà nínú ẹ̀?" ó béèrè.

"Ó wà, Ma. Mo fi ọ̀rá dì í, apá kan ló wà. Màá kó omi kúrò ní apá kejì."

Ó dìde, ó kó píọ̀ wọ́tà tó ti dì jáde, Tabitha gbà á, ó ń pín in fún gbogbo ilé. Alhájà fúnra rẹ̀ ló to ẹran sí i, ó rọra ń tò ó. Nígbà tó pa ìdérí dé, ó rí bébà tó há síbẹ̀, ó fà á, kò yọ. Ó wo Wúràolúwa fìrí, ó kí Bàbá Mákánjúọlá, ó lọ.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ló padà wá kó o, nígbà tí iná ti dé lọ́dọ̀ wọn. Rilwan wà níbi iṣẹ́. Alhájà ṣí fírísà, ó mú ẹran kan sókè, ó gbé e súnmọ́ imú, ó gbóòórùn rẹ̀ dáadáa.

"Kò gbóòórùn ẹja," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ma."

Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ọpọ́n, Wúràolúwa sì bá a gbé e dé ẹnu ọ̀nà níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró. Nígbà tó padà wọlé láti pa ìdérí dé, ó rí itan àgbò kan, odindi, nísàlẹ̀ fírísà. Ó gbé e, ó sáré jáde.

"Alhájà, ẹ gbàgbé itan kan."

Alhájà ti jókòó sínú ọkọ̀. Kò na ọwọ́ gbà á. "N kò gbàgbé. Ta ni wọ́n ń gbé itan fún tí wọ́n bá pa àgbò?"

Wúràolúwa mọ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Ṣómólú. Ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti sọ ọ́.

"Àna ni," Alhájà dá ara rẹ̀ lóhùn. "Gbé e fún ìyá rẹ. Sọ fún un pé ọmọ tí mo dá tọ́ kò ta kò mí rí, àfi nítorí rẹ. Mo bínú sí i fún ọjọ́ méjì. Lónìí, mo ti ń rò ó pé ọmọ tó bá lè kojú mi nítorí ẹnì kan, yóò lè dáàbò bo onítọ̀hún nígbà tí mi ò bá sí. Wosilat á rí ọkọ tirẹ̀." Ó ní kí awakọ̀ máa lọ.

Wúràolúwa dúró sójú títì pẹ̀lú itan àgbò ní àyà rẹ̀, yìnyín ń yọ́ sí aṣọ rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Ó fi píọ̀ wọ́tà dí fírísà padà yí itan náà ká títí di ọjọ́ Àìkú. Lẹ́yìn ìsìn, ó gbé e lọ sí Bàrígà. Ìyá Wonder wà nídìí ààrò rẹ̀. Wúràolúwa gbé ẹrù náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó tú u, ó ròyìn bí Rilwan ṣe sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ohun tí Alhájà sọ nínú ọkọ̀. 

Ìyá rẹ̀ wo itan àgbò náà. Ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó tẹ ẹran rẹ̀ wò bí ẹni pé ẹja ni. Wúràolúwa ń wo ọwọ́ rẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá ní kó gbé e padà, yóò gbé e padà, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀.

"Ojú ìyá rẹ̀ ló ti sọ ọ́?"

"Ojú ìyá rẹ̀ ni, Màámi. Gbogbo ilé gbọ́."

Ìyá Wonder ṣa ẹja tó wà láàárín àwọ̀n irin sápá kan. Ó bu iyọ̀, ó fi pa itan náà yípo, ó sì gbé e ka orí ààrò láàárín àwọn ẹja rẹ̀. Ó koná mọ́ ọn.

"Àwọn èèyàn rẹ̀ lè máa bọ̀," ó wí, ó sì fi ẹsẹ̀ ti àga pákó kan síwájú. "Sọ fún wọn pé àga wà."